Ìka Ọmọ Ló Ń Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sọ nìyí nípa ọ́tísíìmù (autism), ìyàtọ̀ inú ọpọlọ tó ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn ṣe, ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ibi tí mo ti sọ àsọtúnsọ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tísà wa. Ẹ̀yin màmá àgbà tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo rí i pé ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ilé ní Èkó, ìyá ọmọ á ti wọ dáńfó kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó dé. Ìyá àgbà ló ń rí ọmọ ní ojúmọmọ.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A máa ń pa á fún àgbà. Lónìí, apá ti ọmọdé ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé e ṣubú. Kí ni ọmọdé ń wò níwájú? Ojú ẹni tó máa gbé e dìde ló ń wá. Ẹ ti rí i rí: ọmọ á ṣubú, kò tíì ní sunkún, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ìyá ẹ̀. Bí ìyá bá pariwo "yéè, pẹ̀lẹ́!", igbe ta nìyẹn. Bí ìyá bá rẹ́rìn-ín, òun náà á dìde, á máa bá eré ẹ̀ lọ.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣubú, kí orúnkún ẹ̀ bó, kó dìde, kó sì máa lọ láìwojú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé kò dùn ún. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá ẹ̀, nítorí tílẹ̀ bá ṣú, àyà ìyá ẹ̀ náà ló máa sùn lé. Ọpọlọ rẹ̀ ni kì í tètè darí rẹ̀ sí ojú èèyàn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni gbòǹgbò ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù. Ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu, ẹ̀ka ni.

Ní Èkó, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi ìyá ọmọ: "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Tó bá ní rárá, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú: bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin ni, èdè méjì ni wọ́n ń sọ nínú ilé, ahọ́n ẹ̀ ló so, ẹ gbé e lọ kí wọ́n bá yín gé e. Kò sí èrò ibi nínú ẹni tó ń sọ ọ́. Àmọ́ ìtùnú yẹn ti gba oṣù tó pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má dúró de ẹnu, ìka ni kí ẹ wò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìyá kan gbé ọmọ wá láti Òkè Pópó, aṣọ ló ń tà ní Jáńkárà. Ọmọ ọkùnrin ni, ọmọ oṣù 22. Ìyá náà ní, "Àǹtí, ọmọ mi kì í tọ́ka sí nǹkan. Tó bá fẹ́ omi, ọrùn ọwọ́ mi ló máa dì mú, á fà mí dé ìdí fíríìjì, á wá gbé ọwọ́ mi lé ilẹ̀kùn ẹ̀. Kò ní wojú mi. Àfi bíi pé ọwọ́ mi ò sí lára mi." Mo gbọ́ ọ. Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa lọ, ọkùnrin ló ń pẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n padà wá tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò bá tíì sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún rí wọn, ọmọ ti lé ní ọdún mẹ́rin, ó ti ń bu ara ẹ̀ lọ́wọ́ jẹ tí inú bá bí i, nítorí kò sí ọ̀nà míì tó lè gbà sọ pé òun ò fẹ́. Mo ṣí fáìlì. Ìwé ọwọ́ mi wà níbẹ̀, gàdàgbà: kí ó padà wá ní ọdún 3. Màdáámú náà ò bú mi. Ó kàn ń wo ìwé yẹn bí mo ṣe ń wò ó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ohun tí obìnrin yẹn sọ nípa ìka àti ojú wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, ìbéèrè 20 ni, òbí ló ń dáhùn ẹ̀, fún ọmọ oṣù 16 sí oṣù 30. Ìbéèrè àkọ́kọ́ gan-an, ìka ló wà níbẹ̀: bí ẹ bá tọ́ka sí nǹkan ní òdìkejì yàrá, ṣé ọmọ yín máa ń wo ibẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti rò ó rí pé etí ọmọ yín di. Wọ́n á bi yín bóyá ó máa ń nàka sí ohun tó bá fẹ́, bóyá ó máa ń nàka sí ohun tó kàn fẹ́ kí ẹ bá òun wò. Kò sí ibi tí wọ́n ti bi yín pé ọ̀rọ̀ mélòó ni ọmọ ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìka yìí, ìka ìfábẹ̀lá. Oríṣi méjì ni iṣẹ́ tí ọmọ ń fi ṣe. Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀bẹ̀: ó nàka sí búrẹ́dì lórí tábìlì, ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù, òun la sì kì í kà sí. Ẹ wà nínú dáńfó lórí Afárá Kẹta, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ yín, ó yọ ìka sí ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ ní ìhà Mákòkó, ó ní "ẹ́n! ẹ́n!", ó wẹ̀yìn wo ojú yín, ó tún wo ọkọ̀. Ọmọ yẹn ò ní kí ẹ ra ọkọ̀ fún òun. Ohun tó ń sọ ni pé: ṣé ẹ̀ ń rí ohun tí mò ń rí? Ìgbà tí ọmọ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ tíì mọ "ba" yàtọ̀ sí "ma". Ọmọ tó bá pé oṣù 15 tàbí 18, tí kò ṣe irú ìyẹn rí lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dúró mọ́, kódà tó bá ń ka ABD láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo sọ ti ABD nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Ọmọ kan lè máa sọ gbogbo ìpolówó ọjà orí rédíò bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn ẹni tó polówó ẹ̀, kó má sì lè sọ pé "omi" nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Inú ilé á máa dùn pé olórí pípé ni. Orí ẹ̀ lè pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ò tíì di ọ̀rọ̀.

Ó ní ọjọ́ méjì tí mo máa ń gba àwọn òbí níyànjú pé kí wọ́n fi ṣe àmì. Gbogbo wa ló ní káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ. Oṣù 9 ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ èèyi àkọ́kọ́, oṣù 15 ni wọ́n ń gba ìkejì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ fún ti oṣù 9, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ níbi tí kò ti rí yín, ẹ pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí àyè díẹ̀ wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ọmọ á yíjú. Ní ti oṣù 15, ẹ wo ìka. Ẹ wò ó bóyá ó ń ṣapẹ́ bí ẹ bá ń ṣapẹ́, bóyá ó máa ń juwọ́ pé ó dàbọ̀, bóyá ó fẹ́ràn bojúbojú débi tó máa fi fa ìborí yín kí ẹ tún un ṣe. Tó bá fi di oṣù 16 tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan, tàbí ó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra ẹ̀, bíi "fún mi" tàbí "gbé mi", ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èyí tí a kì í fi falẹ̀ rárá ni ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, tó ti ń pe dádì, tí ọ̀rọ̀ yẹn wá pòórá. Àwọn mìíràn wà bẹ́ẹ̀, tí tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan àti méjì. Ìgbà tó bọ́ sí yìí ló ń mú káwọn èèyàn máa wá ẹni tó wo ọmọ ní ìwòkuwò níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí.

Bàbá kan ti nawọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Wọ́n ní ṣebí àwa Yorùbá ló ń kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú? Òótọ́ ni, bàbá mi, ẹ ṣeun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbé ìdájọ́ karí ojú wíwò nìkan. Àmọ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá ò tíì mọ ìwà ọmọlúàbí. Ojú yín ló máa wò títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ìka bọ̀ ọ́. Ìgbà tó bá tó ọdún mẹ́rin-márùn-ún la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó wolẹ̀.

[Ibí yìí ni iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọmọdébìnrin kan ní ìlà kẹta di etí ẹ̀ méjèèjì, ó ń yí orí. Mo ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ náà, a sì ṣe ìyókù ọ̀rọ̀ nínú ooru.]

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Gbogbo wa ti mọ́ra pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀. Fún àwọn ọmọ kan, ariwo yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu irin sínú agbárí. Àwọn mìíràn ò lè fara da aṣọ tó ní lébẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ọrùn, àwọn mìíràn kì í jẹ oúnjẹ tó bá rọ̀. Wọ́n lè jókòó ti fáànù kí wọ́n máa wo bó ṣe ń yí fún wákàtí kan, tàbí kí wọ́n to ọmọrí ìgò kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnì, kí wọ́n sì fi igbe ta tí ẹnìkan bá yẹ ẹyọ kan kúrò nípò. Ẹ má pè é ní agídí, ẹ má sì fi pàṣán wò ó.

Ó yá, ìtàn díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àìsàn òyìnbó ni. Lọ́dún 1943, dókítà kan ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ nípa ọmọ 11 tó ṣàkíyèsí pé wọ́n jọra. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Obìnrin kan, Grunya Sukhareva, ti kọ irú ẹ̀ ní Moscow láàárín ọdún 1920 sí 1930, ayé ò kàn ka tiẹ̀ ni. Olùwádìí kan, Victor Lotter, wá sí Áfíríkà láti wá irú àwọn ọmọ yìí, ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1978, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn ilẹ̀ tó ti rí wọn. Ìyẹn ni pé kí fóònù alágbèéká tó dé, kí indomie tó dé, ó ti wà láàárín wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé lágbàáyé ní 2021, nǹkan bí èèyàn 1 nínú 127 ló wà nínú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń wá a lójú méjèèjì láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, iye tí wọ́n gbé jáde ní 2025 ni ọmọ 1 nínú 31. Àwọn ọkùnrin ju obìnrin lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Mo fura pé a máa ń fojú fo àwọn obìnrin dá, nítorí ọmọbìnrin tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ kan, oníwà tútù là ń pè é.

Ta ló fà á? Àwọn òyìnbó náà ti ṣe tiwọn rí. Bruno Bettelheim ló tan án kálẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1970 pé ìyá tí ọkàn ẹ̀ tutù bíi yìnyín ló ń fà á. Bàbá ọmọ kan tó wà nínú ẹ̀, Bernard Rimland, ló ti kọ ìwé ní 1964 láti fi hàn pé inú ọpọlọ ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìyá. Nílé tiwa, kì í ṣe yìnyín là ń fi bú ìyá. Wọ́n á ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, tàbí pé ẹgbẹ́ ọ̀run ló fún un lọ́mọ. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé àjogúnbá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀: ó ń rìn nínú ẹbí. Nítorí náà, ẹni tó ní "bàbá ẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀" lè máa sọ òótọ́ láìmọ̀, ṣùgbọ́n ìdí láti yára lọ wò ó ni òótọ́ yẹn jẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Ẹ jẹ́ n yára kọjá níbẹ̀. Dókítà kan ní Ìlú Ọba, Andrew Wakefield, ló kọ ọ́ ní 1998 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé abẹ́rẹ́ lè wà lára ohun tó ń fà á, lórí ọmọ 12 péré. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fa ọ̀rọ̀ náà padà, wọ́n sì gba àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Abẹ́rẹ́ MMR ló sì ń sọ, èyí tó pa ti èèyi, ti sẹ́gẹdẹ àti ti rùbẹ́là pọ̀. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ wa ní oṣù 9 ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà láti gbogbo ọdún yìí wá. Èèyi ń pa ọmọ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ yín.

Tí ọkàn yín bá ti fura, etí ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò gidi ni mo ń sọ, kì í ṣe ká máa fi ṣíbí lu abọ́ lẹ́yìn ọmọ. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà lè má dáhùn orúkọ, ìtọ́jú tiẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ lè lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kí ẹ bèèrè dókítà ọmọdé. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Yaba náà ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́, Oṣòdì ló wà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo ara yín. Orúkọ Yaba yẹn! Èèyàn ò fẹ́ kí aládùúgbò rí òun lójú ọ̀nà ibẹ̀. Mo mọ bàbá kan tó ń gbé ọmọ ẹ̀ lọ sí Oṣòdì lọ́sẹ̀ méjì méjì, tó ń sọ fáwọn ará ilé pé bọ́ọ̀lù ni àwọn lọ ń gbá. Mi ò bá a jà. Ọmọ sáà ń dé ibẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ ò ní láti dúró kí dókítà fún un lórúkọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà lè gùn, ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín lè jìnnà. Bí ọmọ ò bá tilẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ohun tí ẹ máa ṣe nílé ò ní pa á lára.

Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù fúnra ẹ̀. Oògùn bíi risperidone wà, Amẹ́ríkà gbà á láyè ní 2006, àmọ́ ìbínú àti ìjàgbọ̀n tó le ló wà fún, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Tí wárápá bá wà pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n á tọ́jú ìyẹn náà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fa májèlé jáde lára ọmọ, ẹ sá fún un. Ní 2005, ọmọ ọdún márùn-ún kan kú lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Pennsylvania. Ti àdúrà, ẹ gbà á. Èmi náà ń gbà á. Kìkì pé kí ẹ má dè é lókùn, kí ẹ má fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, kí ẹ má sì sọ pé ẹ̀yìn ìsọjí lẹ ó tó gbé e lọ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀kọ́, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Ivar Lovaas, ló gbajúmọ̀ ní 1987 pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tó ń gba wákàtí 40 lọ́sẹ̀ lórí tábìlì. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ, wọ́n ń gbá ọmọ létí nínú ẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù sì ń sọ ọ́ títí dòní pé wọ́n fẹ́ sọ àwọn di ẹlòmíì ni. Mo fara mọ́ wọn lórí ìyẹn. Èyí tó wù mí ni ti Sally Rogers àti Geraldine Dawson, inú eré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ. Ní 2010, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lórí ọmọ 48, láti oṣù 18 sí 30: lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó gbà á gbèrú ní èdè àti òye ju àwọn tí kò gbà á. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní Ìlú Ọba, PACT lorúkọ ẹ̀, ọmọ 152. Òbí ni wọ́n kọ́, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n ya fídíò òbí àti ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n wá jọ ń wò ó: ẹ wo ibí yìí, ó wò yín, ẹ ò rí i. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà, èrè ẹ̀ ṣì wà lára wọn. Wọ́n tẹ ìyẹn jáde ní 2016. Fóònù tó ń ya fídíò wà lápò gbogbo wa níbí. WHO náà ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún òbí, ìjókòó mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn òbí míì, àti ìgbà mẹ́ta tí wọ́n máa wá bá yín nílé.

Ẹ jẹ́ n fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín. Ike nìyí, ó ń hàn láti ìta, ọmọrí ẹ̀ le. Bisikíìtì wà nínú ẹ̀. Mo gbé e síwájú ọmọ. Ó mọ̀ pé bisikíìtì ni, kò lè ṣí i. Á gbá a, á mi í, á fi eyín gé e. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kí ojú wa dọ́gba, kí n má sọ nǹkan kan. Èyí ló le jù fún ìyá Yorùbá. A ti máa ń ṣí i kí ọmọ tó béèrè, ìfẹ́ ni. Ẹ dúró. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú yín dé mẹ́wàá. Ó lè ti ike náà sí mi. Ó lè wo ọwọ́ mi. Tó bá kàn fi ojú kàn mí báyìí, wìn-ìn, mo ti ṣí i, mo ní "Ṣí i!", mo fún un ní ẹyọ kan, èyí tó kéré. Mo dé e padà. Odindi bisikíìtì kan lè gba ẹ̀kọ́ mẹ́wàá. Ìyá kan ní Bàrígà ń fi púfùpúfù ṣe é, ó ní ti òun tètè ń mú un wojú òun.

Èdè wo lẹ máa fi ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, èdè tí ẹ fi ń lá àlá. Àìmọye òbí ni wọ́n ti sọ fún ní jẹ́lé-ó-sinmi pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, kí ọmọ má baà dàrú. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ ọ́tísíìmù tó ń gbọ́ èdè méjì fi hàn pé èdè kejì kì í pa wọ́n lára. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni kí ìyá tó ń sọ Yorùbá já gaara wá máa fi gẹ̀ẹ́sì tó há bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́. Tí ọ̀rọ̀ ò bá sì tíì jáde, ẹ fi fóònù ya àwòrán omi, ẹ̀kọ, bàtà àti ilẹ̀kùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, kó máa fà á lé yín lọ́wọ́. Àwòrán kì í lé ọ̀rọ̀ sá. Tẹlifíṣọ̀n àti katúùnù ò dá ọ́tísíìmù sílẹ̀, àmọ́ wákàtí mẹ́rin níwájú wọn, wákàtí mẹ́rin tí kò sí ojú èèyàn ni.

Ẹ̀yin tísà, òfin wà o. Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà. Ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019: ọmọ tó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ìparí girama. Tí ọ̀gá ilé ìwé bá ní "ẹ máa gbé e lọ, ó ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́", òfin ló rú.

Ìbéèrè méjì la gbà kẹ́yìn. Bàbá kan bi mí pé ṣé ó lè san. Mo ní kì í ṣe ibà, bàbá. Òun náà á dàgbà, ọ́tísíìmù ẹ̀ á bá a dàgbà. Àwọn kan á sọ̀rọ̀, wọ́n á kàwé, wọ́n á ṣiṣẹ́. Àwọn kan á nílò ẹni tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ayé. Mi ò lè fi oṣù 20 sọ èwo ni tiyín. Bàbá náà mi orí, ó jókòó.

Màmá àgbà kan ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ ọmọ wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn, á tó ọmọ ọdún méjì, okùn báàgì wọn ló ń yí mọ́ ìka. Wọ́n ní, "Ìyá mi, èmi ò mọ̀wé. Oríkì nìkan ni mo lè máa kì fún un. Ṣé ìyẹn wúlò?"

Mo ní ó wúlò, màmá, ṣùgbọ́n kí ẹ má kì í tán. Kí ẹ kì í dé àárín, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sún mọ́ ojú ẹ̀, kí ẹ máa kà nínú yín.

Wọ́n gbé e kọjú sí ara wọn níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Àkànní, Àkànní ọkọ mi, ọmọ a..." Wọ́n dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọmọ náà ṣì ń yí okùn. Mo rí ètè màmá bí ó ṣe ń kà á, ó dé márùn-ún, ó dé mẹ́fà. Ní mẹ́jọ, ọmọ jáwọ́ nínú okùn, kò wojú wọn, ó fi ìka kan ètè wọn tó dákẹ́.

Mo ní, "Òun nìyẹn, màmá. Ẹ kì í lọ."